Kí ló dé tá ò kọ ọ̀rọ̀ òṣèlú sórí Facebook mọ́?

Tẹ́lọ̀_Ìjẹ̀búÒde
Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ará. Nígbà EndSARS ní 2020 kò sọ́jọ́ tí mi ò kọ̀wé, kódà nígbà tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní June 2021, VPN ni mo fi ń wọlé títí wọ́n fi ṣí i ní January 2022. Lánàá báyìí, mo jókòó ti máṣìnì, mo tẹ ọ̀rọ̀ nípa títì àdúgbò wa tó bàjẹ́, ó tó ìlà mẹ́jọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo wá gbé fọ́tò agbádá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò halẹ̀ mọ́ mi o. Ṣé àgbà ló ń dé ni?

ỌmọÌpẹru
Bọ̀dá, àgbà kọ́, ojú ara wa ni. Ẹ wo 2023, Dapo Abiodun àti Ladi Adebutu jọ ń du gómìnà, ọmọ Ìpẹru làwọn méjèèjì, kí ni mo fẹ́ kọ tí ò ní kan ará ilé ẹnì kan? Ìlà kan péré ni mo kọ, àbúrò bàbá mi ti pe màmá mi kí n tó gbé fóònù kalẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n wá bínú sí o, màmá mi ni wọn ò kí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Tísà_Rẹ́mọ
Obìnrin Jámánì kan, Elisabeth Noelle-Neumann, ti sọ ọ́ ní 1974, pé téèyàn bá rò pé tòun ò pọ̀, á panu mọ́, ìyẹn á wá jẹ́ káwọn tí èrò wọn jọ tiẹ̀ rò pé àwọn nìkan ló kù. Pew, àwọn tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú ní Amẹ́ríkà, náà bi àwọn èèyàn ibẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ Snowden tó tú àṣírí bí ìjọba wọn ṣe ń ṣọ́ aráàlú, èsì ẹ̀ jáde ní 2014: 86 nínú 100 lè sọ ọ́ lójúkojú, àmọ́ nínú àwọn tó ń lo Facebook àti Twitter, 42 péré ló lè kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá_Aláṣọ_Ṣàgámù
Tísà, ẹ kú ìwé o 😂. Òfin Cybercrime 2015 náà wà ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sun àtìmọ́lé torí kọ́mẹ́ǹtì. Àmọ́ tèmi, kọ́sítọ́mà ni. Aṣọ ò ní ẹgbẹ́ òṣèlú.

Tẹ́lọ̀_Ìjẹ̀búÒde
Mọ̀mí, ẹ ti mú mi. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí mò ń rán aṣọ Ojúde Ọba fún, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ló wà nínú wọn, àwọn kan ò sì tíì san báláǹsì. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ariwo wa ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tá ò bú tán.