Ìhámọ́ ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ọlọ inú wíwú lásán

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbá mẹ́ta ni ẹ ti mú wá lórí orúkọ Yorùbá fún “splenic sequestration”, ewu tó máa ń dé bá ọlọ inú (spleen) àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde: “ọlọ inú wíwú”, “ẹ̀jẹ̀ títán” àti “àìsàn ọlọ inú ọmọdé”. N kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí kò sí èyí tó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an.

Abẹ́ egungun ìhà òsì ni ọlọ inú wà, níbi tó ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń kó sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó kúrò, tó sì ń bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n a dí ọ̀nà àbájáde, ẹ̀jẹ̀ a sì máa wọlé láìrí ibi jáde. Láàárín wákàtí díẹ̀, inú lè le lápá òsì, ètè àti àtẹ́lẹwọ́ a funfun, ara a rọ̀ jọwọlọ. Bí wọn kò bá sì tètè fún aláìsàn náà ní ẹ̀jẹ̀, ó lè kú.

Wíwú jẹ́ àmì lásán. Ibà tó ń ṣe lemọ́lemọ́ náà a máa mú ọlọ inú wú, nítorí náà ìyá tó bá gbọ́ “wíwú” nìkan lè wá àgbo kó tó ronú kan ilé-ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen. Ẹ̀jẹ̀ náà kò sì tán: ara ṣì ni ó wà. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fi ìṣọ́ra fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀, torí pé bí ọlọ inú bá tú èyí tó dì mú sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè wá pọ̀ jù. “Ìhámọ́ ẹ̀jẹ̀” ni mo fara mọ́. Gbogbo wa la mọ àhámọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò sọnù, wọ́n sì lè dá a sílẹ̀.

Ti “ọmọdé” ni ó dùn mí jù. Lóòótọ́, lára àwọn SS (àwọn tó jogún S lọ́dọ̀ òbí méjèèjì), kí ọmọ tó pé ọdún 5 ni èyí wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọlọ inú ọ̀pọ̀ àwọn SC (tí wọ́n jogún S lọ́dọ̀ òbí kan, C lọ́dọ̀ èkejì) kì í tètè bàjẹ́, ìhámọ́ sì lè bá wọn nígbà tí wọ́n ti di ọ̀dọ́. Bí a bá so “ọmọdé” mọ́ orúkọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìhà òsì ń dùn yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ó ku orúkọ tí a ó fún ipò ọlọ inú tí àrùn náà ti bàjẹ́, tó sì ti kéré títí ọwọ́ kò fi bá a mọ́. Ẹnìkan dábàá “ìsúnkì”; “gbígbẹ” ni mo yàn, nítorí ohun tó súnkì ṣì lè máa ṣiṣẹ́, èyí tó gbẹ ti kú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti gbẹ kò ní ọlọ inú tí yóò máa sẹ́ kòkòrò àrùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí ní pẹnisílíìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ń sọ fún òbí pé bí ara ọmọ bá ti gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e wá.