Àwọn òǹkàwé ń wo ojú ìwé Facebook wa, wọn kì í dá sí i: kí ni ká ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìkàwé gbogboògbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń jẹ mí lọ́kàn gan-an.

A ṣí ojú ìwé Facebook kí àwọn òǹkàwé lè máa béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀, kí wọ́n sì sọ èrò wọn nípa ìwé tí wọ́n kà. Wọ́n ń wò ó, wọn kì í fèsì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ràn Libby tí wọ́n fi ń yá ìwé lórí fóònù: ìwé á dá ara rẹ̀ padà lọ́jọ́ tó bá pé. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ń sá fún.

Màmá àgbàlagbà kan ló là mí lójú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé nípa àìsàn ni mo ń wá. Ṣé níṣojú gbogbo ayé ni kí n ti béèrè?" Mi ò rí èsì fọ̀. Tí wọ́n bá wá bá mi nídìí káńtà, àṣírí wọn á bò. Lórí Facebook, orúkọ àti àwòrán wọn ni yóò tẹ̀lé ìbéèrè náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ní ibi tí àwọn ti ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré nìyẹn, káwa má wá bá àwọn níbẹ̀.

Ọ̀gá wa fẹ́ ká máa gbé nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́. Lójú tèmi, WhatsApp tí ẹnì kan á ti bá òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ló sàn jù.

Ẹ̀yin tó ń lo ilé ìkàwé, ibo ló máa ń rọ̀ yín lọ́rùn láti béèrè ìbéèrè? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá?