Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ álúmíníọ̀mù: ibi tí mo parí rẹ̀ sí

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi yín léèrè pé irú ọ̀dà wo ni kí n kùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ álúmíníọ̀mù wa tó ń dúró lójú Ọ̀sà Èkó, kí ewé omi àtàwọn oníkarawun kéékèèké yéé lẹ̀ mọ́ ọn. A ti kùn ún, ọkọ̀ sì ti padà sómi.

Ọ̀dà tí kò ní bàbà rárá ni mo rà, Econea ló ń lé àwọn ẹ̀dá omi nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sá fún ọ̀dà oníbàbà, ẹ ṣeun gan-an. Tí bàbà bá kan álúmíníọ̀mù nínú omi oníyọ̀, ara ọkọ̀ ni yóò máa jẹ títí yóò fi lu ihò.

Ṣùgbọ́n ìmúra ló gba agbára jù. A fi sáńpépà ha á títí ó fi mọ́ kedere, tí ọwọ́ ń ha lára rẹ̀ bí èèyàn bá fi pa á. A nù ún, a sì kun práímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn tí ọ̀dà yòókù máa lẹ̀ mọ́, lójú ẹsẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ fi ìpẹ́ tín-ín-rín bo álúmíníọ̀mù, ọ̀dà kì í sì í di ìpẹ́ yẹn mú. Mi ò gbà kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án.

Àwọn síńkì ara ọkọ̀, ìyẹn àwọn irin kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ọn kí omi lè jẹ wọ́n dípò ọkọ̀, ńkọ́? A fi téèpù bò wọ́n. Bí ọ̀dà bá bo síńkì, kò ní lè jẹrà dípò ọkọ̀ mọ́.

Ẹni tí ọ̀dà oníbàbà àtijọ́ bá wà lára ọkọ̀ rẹ̀, kó ha gbogbo rẹ̀ dànù kó tó kun tuntun. Mo ti rí ìdáhùn mi gbà, mo dúpẹ́ púpọ̀.