Fóònù àkọ́kọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́: ẹ sọ ìrírí yín

Àdùkẹ́ Òkè-Ìlá

Mo kí gbogbo ilé o. Lánàá ni mo ra fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì fún ìyá mi, ẹni ọdún 76, tí kò ní fóònù tirẹ̀ rí, nítorí pé ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ni ó máa ń fi bá wa sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í kí ó tó mọ ibi tí a ń tẹ̀ láti gbé ìpè yàtọ̀ sí ibi tí a ń tẹ̀ láti pa á. Mo ní kí ó máa wo àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa, ó ní dúdú ni méjèèjì lójú òun. Ni mo bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ ìrẹsì kan mọ́ ibi tí a fi ń gbé ìpè, kí ìka rẹ̀ lè máa wá a kàn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé èmi náà kò mọ ọ̀nà nígbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ti ẹ̀yin náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Àkànní Mọ́kọ́lá

Ìparí ọdún 2001 ni tèmi, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ fóònù Econet àti MTN ṣí ìlẹ̀kùn fún aráàlú ní oṣù kẹjọ. Kí ó tó di ìgbà náà, NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, la mọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n fa okùn tẹlifóònù wọ ilé òun lè dúró títí ọmọ tí ó bí lọ́jọ́ tí ó kọ ìwé ìbéèrè yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń ta aṣọ ní Gbági ra síìmù nìkan ní owó tí ó lé ní ₦20,000, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà jẹ́ ₦7,500. Ó gbé Nokia 3310 rẹ̀ fún mi pa mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo sì gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí láti fi ṣe fáàrí díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ìrun. N kò mọ bí a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́, nítorí náà nígbà tí a jókòó, mo jókòó lé e lórí.

Ọmọ Alágogo

Ẹ dákun, ṣé fóònù náà kò fọ́?

Àkànní Mọ́kọ́lá

Ẹni tí ó bá mọ 3310 kò ní béèrè irú ìbéèrè yìí. Ìdí mi ni ó dùn mí.

Ìyá Bọ́lá Alágboòrùn

Èmi kò fi tèmi ṣe fáàrí ní tèmi, òwò ni mo fi ṣe. Ọdún 2002 ni mo gbé tábìlì, agboòrùn àti àga oníke méjì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, tí mo sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi fóònù mi pè. Nígbà náà, ₦50 ni iléeṣẹ́ ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, àwa náà á sì fi èrè tiwa lé e. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé bí ìpè bá wọ ìṣẹ́jú-àáyá 61, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ti yọ. Aago ọwọ́ kan wà lórí tábìlì mi, ojú èmi àti ojú oníbàárà kì í kúrò lára rẹ̀. Ẹlòmíràn kò ní kí ẹni tí ó pè rárá, ó kàn máa já lu ọ̀rọ̀ ni, bí ó bá sì kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú pé, yóò ké “ó dàbọ̀” bí ẹni tí ejò fẹ́ bù jẹ. Àṣírí tí mo gbọ́ níbẹ̀ pọ̀ ju ti àlùfáà lọ. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Èkó ni òun wà, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí òun tètè dé, tí ó sì jẹ́ pé orí àga mi ni ó jókòó sí, tí ó ń jẹ gúgúrú.

Ọmọ Alágogo

Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọkùnrin náà kọ ilà, ṣé ó sì máa ń wọ fìlà aláwọ̀ búlúù? Mo fẹ́ bi ìyá mi ní ìbéèrè kan ni.

Ìyá Bọ́lá Alágboòrùn

N kò ní dáhùn o. Oníṣòwò kì í tú oníbàárà síta.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́lá. Oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Globacom wọlé, ó sì bá wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìpè tí a ń san ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ohun tí a ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi di ṣíṣe fún àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà. Ìwọ tí o bá ra síìmù ní ₦20,000, tí o wá rí ọmọ iṣẹ́ rẹ tí ó ń ra tirẹ̀ ní owó tí kò tó nǹkan, inú rẹ kò ní dùn tó bí ó ti yẹ.

Àkànní Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n mi kò dárí ji ìjọba títí di òní.

Ìyá Bọ́lá Alágboòrùn

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú náà ni ó ká agboòrùn wa. Nígbà tí olúkúlùkù ti ní tirẹ̀ lápò, ta ni yóò tún wá jókòó sínú oòrùn lọ́dọ̀ mi? Káàdì ìpè ni mo yí sí títà. Ẹ ò rántí bí a ṣe ń fi owó ẹyọ họ ọ́, tí ẹlòmíràn á fi ìbínú họ ọ́ títí nọ́ńbà yóò fi bá a lọ, tí yóò wá ní èmi ni mo ta ayédèrú fún òun?

Ọmọ Alágogo

Ẹnì kan kò tíì dárúkọ fláàṣì, ìpè tí a ń gé kí wọ́n tó gbé e, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ilé tiwa, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé mo ti dé láyọ̀. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pè mí padà. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi owó ránṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lọ́wọ́ ẹni.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Inú mi ń ru bí mo ṣe ń kà á. Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ fi fláàṣì pa. Káàdì ìpè oní £5 ni mo máa ń rà ní ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí ó ń tà á yóò sì kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ pé yóò gbé wa fún wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ kì í pé kí ohùn obìnrin kan tó já lù wá. Kí n tó wá sinmi, ọmọ ìyá mi yóò ti fláàṣì mi ní aago mẹ́ta òru. Ọkàn mi á fò sókè pé ta ni ó kú. Bí mo bá pè é padà, yóò ní òun kàn ní kí òun kí mi ni.

Ọmọ Alágogo

Ṣé owó oúnjẹ ni kí a fi máa pè yín ni, ẹ̀yin tí ẹ ń ná pọ́n-ùn?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Pọ́n-ùn náà, lára fífọ ilẹ̀ ilé oníléé ni ó ti ń jáde.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí di ìjà. Ẹni tí ó fláàṣì kò jalè, kò sì ṣe ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi agogo ṣe ìránṣẹ́, bí àwọn baba wa ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ láìkọ ìwé.

Jagun Iléṣà

Ẹ fi fláàṣì sílẹ̀ díẹ̀. Àdùkẹ́, wá páálí tí síìmù ìyá rẹ bá wá, kí o sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni mo fẹ́ sọ. Ìyá mi ní fóònù alátọ́ọ̀ṣì bíi tìyá rẹ. Ẹnì kan ti fi nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́rin ti síìmù rẹ̀ pa, a kò sì mọ ẹni náà. Ọmọ mi ọkùnrin, tí ó ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n, gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù bá ń béèrè PUK. PUK yìí, tí a fi ń ṣí síìmù tí ó bá ti tì, nọ́ńbà mẹ́jọ ni, iléeṣẹ́ ni ó fi fún síìmù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń méfò. Ọmọ mi méfò rẹ̀. Ó tẹ ọjọ́ ìbí tirẹ̀, ó tẹ ti màmá, ó tẹ ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà. Nígbà tí ó tẹ ìkẹwàá, síìmù kú pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó lè jí i mọ́.

A gbé màmá lọ sí iléeṣẹ́ kí wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà lé orí síìmù tuntun. Ìlà tí a tò níbẹ̀ gùn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di ọ̀sán gangan. Wọ́n béèrè NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, a mú un jáde. Wọ́n ní kí ó tẹ̀ka, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Obìnrin tí ó ti fi ogójì ọdún gún iyán, tí ó ti fi ọwọ́ kan náà yan gààrí lójú iná, ibo ni ilà ìka rẹ̀ fẹ́ kù sí? Ọmọdébìnrin tí ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà náà wá bojú wò ó, ó ní, “Màmá, ẹ kò ní ìka.” Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Àdùkẹ́ Òkè-Ìlá

Ẹ kò ní ìka! Mo pariwo níhìn-ín. Mo ti ń wá páálí náà báyìí.

Àkànní Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Bàbá mi jẹ́ bíríkìlà, ohun kan náà ni ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn oṣù kejìlá ọdún 2020 tí wọ́n ní kí gbogbo wa lọ so NIN mọ́ síìmù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a lọ. Níkẹyìn, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà.

Ìyá Bọ́lá Alágboòrùn

Wọ́n ní kí ènìyàn fi òróró pa ìka kí ó tó lọ, pé yóò mú kí ilà náà yọ.

Jagun Iléṣà

A fi òróró pa á, Ìyá Bọ́lá. Ẹ̀rọ wọn nìkan ni ó dọ̀tí.

Adéọlá Akúrẹ́

N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lẹ́yìn tí bàbá mi papò dà ní 2014, mo máa ń pe nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé fóònù náà ti kú nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Mo kàn fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù tèmi ni. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, ó dún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gbé e, ó ń sọ Haúsá. N kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ṣe, mo sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá mi ni ó ni nọ́ńbà náà. Ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, pé kí n máa pè bí mo bá fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Adéọlá, mo rọra gbé fóònù mi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ka èyí. Ṣé o ṣì ń pè?

Adéọlá Akúrẹ́

Ọdún Iléyá ni mo máa ń kí i.

Olùkọ́ Àgbà

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀: nọ́ńbà tí a kò fi ṣe ohun tí ó ń mú owó wọlé fún iléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n lè tì pa, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì gorí rẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, Àdùkẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ kàn máa gbé ìpè nìkan. Jẹ́ kí òun náà máa pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2023, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ ń lò: *310# ni a fi ń wo owó tí ó kù, *311*, nọ́ńbà káàdì, lẹ́yìn náà # ni a fi ń kó káàdì sínú rẹ̀, 300 sì ni a ń pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sì tún fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ni orúkọ ohun tí a ń sọ yìí, kì í ṣe fóònù.

Àkànní Mọ́kọ́lá

Olùkọ́, kí ènìyàn tó pe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká tán, ìṣẹ́jú kan ti lọ, Ìyá Bọ́lá á sì ti gba ₦50.

Ìyá Bọ́lá Alágboòrùn

Èmi á fara mọ́ ti Olùkọ́ nígbà náà.

Ọmọ Alágogo

Kí ló dé tí ẹ ò ra fóònù ńlá fún màmá, kí wọ́n máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn?

Àdùkẹ́ Òkè-Ìlá

Nítorí pé ìlú wa kì í rí iná tó ọjọ́ mẹ́ta léraléra, bátìrì èyí sì ń lo ọ̀sẹ̀ kan. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ sí ilé ìtọ̀ lóru. Mo ti rí páálí náà, Jagun, nínú ike tí mo fẹ́ dà nù, PUK wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì wọn. Mo tún ti fi nọ́ńbà mi sí orí 2, kí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, yóò máa pè mí fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀ yìí. Nígbà tí ó di ìkeje, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo pè wọ́n padà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, wọ́n ní owó kò tán o, pé ọmọ aládùúgbò ni ó kọ́ àwọn ní fláàṣì.