Camry Muscle láti Ìkòròdú sí Marina lójoojúmọ́: páàdì bíréèkì wo ni kí n rà?

Títí (Sábó)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lórí páàdì bíréèkì iwájú. Camry 2008 ni ọkọ̀ náà, èyí tí a ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnnì 2.4. Ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń lọ Marina láti Sábó níbí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ògólóńtò títí dé Máìlì 12 àti Kétu, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń rí eré díẹ̀ sá lórí afárá Third Mainland. Lópin ọ̀sẹ̀ ó máa ń gba títì Ṣàgámù, èèyàn 5 nínú rẹ̀, ẹrù kún búùtù.

Páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí mo bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra lórí eré, ẹsẹ̀ mi á máa rì wọlé. Tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ láti orí 80 wá sílẹ̀, sítíárín á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó ń ta páàdì ní Owódé Onírin ní kí n ra èyí tí wọ́n fi ń sáré ìdíje, pé òun ló ń mú jù. Ẹlòmíràn ní ceramic (páàdì tí wọ́n fi èròjà bí amọ̀ sísun ṣe) ni kí n rà. Èwo ni kí n mú? Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ dísìkì (àwo irin tí páàdì ń fún mọ́ra) pẹ̀lú? Owó tó wà lọ́wọ́ kò gbà kí n ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Músílíù (Ògólóńtò)

Títí, má tíì náwó lórí páàdì. Nínú àwọn àmì tí o kà sílẹ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ti páàdì, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bíréèkì tó ń rì wọlé lẹ́yìn títẹ̀ léraléra, epo bíréèkì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Epo yẹn máa ń fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́, àwa tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì nìyí. DOT 3 (irú epo bíréèkì kan) tuntun kì í hó àfi tí ìgbóná bá dé 205°C, ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ní nǹkan bíi 140°C ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tó bá ti hó, oru (afẹ́fẹ́ gbígbóná) yóò dá sínú páìpù. Epo kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n oru ṣeé fún pọ̀, ohun tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé páàdì ló gbóná kọjá agbára rẹ̀, bíréèkì kò ní rọ̀. Yóò le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀, o óò tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ọkọ̀ ò kàn ní dúró. Mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa ń ta páàdì olówó gọbọi fún nígbà tó jẹ́ pé ike epo kan ló nílò.

Sítíárín tó ń gbọ̀n, dísìkì ni. Wọ́n á ní dísìkì tẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kò tẹ̀ rárá. Nínípọn rẹ̀ ni kò dọ́gba mọ́, tàbí kó jẹ́ pé páàdì ti lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ìyàtọ̀ tí kò tó nípọn bébà kan ti tó láti mú sítíárín gbọ̀n. Ohun tó máa ń fà á: kí fọkanáísà fún nọ́ọ̀tì kan le ju èkejì lọ, kí ìpẹtà wà láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù (irin tí wọ́n ń de dísìkì àti rímù mọ́), tàbí kí èèyàn ti orí eré bọ̀ kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin lójú kan nígbà tí dísìkì ń gbóná yeye. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ náà máa ń da omi sórí rímù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná.

Tú táyà iwájú méjèèjì, wo páàdì ti inú àti ti ìta, kí o sì wo ohun tí wọ́n kọ sára dísìkì. Wàá rí MIN TH àti nọ́ńbà kan ní mílímítà. Tí dísìkì bá ti fẹ́ẹ́rẹ́ ju nọ́ńbà yẹn lọ, tàbí tó bá kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá a, pààrọ̀ rẹ̀. Wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Kúnlé (Ìgbógbo)

Ẹ má ra páàdì ìdíje o. Irú páàdì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 200°C kó tó mú dáadáa. Ní Máìlì 12, tí ọkọ̀ ń rìn ní 10 km/h, dísìkì kò ní gbóná débẹ̀ láéláé. Ìdúró àkọ́kọ́ ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọmọ iléèwé bá já wọ títì, ìgbà yẹn gan-an ni páàdì ìdíje kò ní mú. Á tún máa pariwo, á sì máa jẹ dísìkì.

Èyí tí wọ́n ṣe fún títì ṣùgbọ́n tó lágbára ju ti lásán lọ yàtọ̀ síyẹn. EBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Greenstuff, wọ́n sì ní Yellowstuff fún ẹni tó ń lo bíréèkì nílòkulò. Hawk ti Amẹ́ríkà ní HPS fún títì. DTC ti Hawk yẹn kan náà, pápá ìdíje ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e fún yín. Orúkọ kan náà lára páálí kò sọ wọ́n di ọjà kan náà.

Ìyá Ìbejì Páàtì (Ágíríìkì)

Mo fẹ́ fi ti ọjà kún un, Títí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èèyàn mú.

Yọ páàdì kúrò nínú páálí kí o tó sanwó. Wo etí rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn irin rẹ̀, wàá rí ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà, lẹ́tà méjì sì máa ń wà ní ìparí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí ìgbóná kò tíì pọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó bá gbóná gan-an. Ní ìwọ̀n bí páàdì ṣe ń di dísìkì mú, E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. FF ti tó fún ọkọ̀ ilé. Tó bá jẹ́ FE, agbára rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń gbóná, èyí kò dára fún ẹni tó ń gba Ṣàgámù pẹ̀lú ẹrù. GG mú ju FF lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kò sọ bí páàdì yóò ṣe pẹ́ tó, kò sì sọ bóyá yóò pariwo.

Èyí tó bá ti ilẹ̀ Yúróòpù wá máa ń ní E nínú róbótó àti 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti dán an wò, mímú rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti páàdì tó bá ọkọ̀ wá ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Fi èékánná rẹ tọ ojú ibi tí páàdì ti lẹ̀ mọ́ irin. Tí èékánná bá wọlé, dá a padà. Tí ó bá ti sán ní etí, dá a padà. Gbé méjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì: tí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ gan-an, tí ìrísí wọn sì bára mu, ayédèrú ni. Má ra tòkunbọ̀ páàdì, kò séwu ju kí epo ti fa sí i lára kí o má mọ̀, páàdì tí epo bá ti wọ̀ kò ṣeé fọ̀.

Tí ẹ bá sì ń tú ti àtijọ́, ẹ má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ erùpẹ̀ dúdú yẹn. Àwọn páàdì tí kò ní orúkọ lè ní asbestos nínú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Kúnlé (Ìgbógbo)

Fún ìrìn tí Títí ṣàlàyé, ceramic tó dára ni mo máa mú. Kì í pariwo, kì í sọ rímù di dúdú, ó sì ń mú ní tútù.

Sùnmọ́nù (Odogunyan)

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, mi ò fara mọ́ ìyẹn fún títì Ṣàgámù. Èèyàn 5, ẹrù, tírélà níwájú tó lè dúró láìtan iná. Tí ọkọ̀ bá ń lọ ní 100, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa jẹ́ ìlọ́po 4 ti ìgbà tó ń lọ ní 50, kì í ṣe ìlọ́po 2. Semi-metallic (páàdì tí irin pọ̀ nínú rẹ̀) máa ń fara da ìgbóná yẹn ju ceramic òpópónà lọ. Ariwo díẹ̀ àti erùpẹ̀ dúdú lórí rímù kò burú tó kí ọkọ̀ má dúró.

Kúnlé (Ìgbógbo)

Òótọ́ ni ti ìlọ́po 4 yẹn. Àmọ́ irin inú semi-metallic náà ló ń gbé ìgbóná lọ bá písítìnì àti epo. Tí epo rẹ̀ bá wà bó ṣe wà lónìí, á tún tètè hó. Tó bá máa mú semi-metallic, DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé.

Sùnmọ́nù (Odogunyan)

Lórí ìyẹn, a jọ gbà.

Dàpọ̀ (Ìjẹ̀dẹ́)

Ẹ má gbàgbé táyà. Tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì) bá ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátá, bíréèkì ti ń mú ju bí táyà ṣe lè di títì mú lọ, kò sí páàdì tó lè mú un dúró ní kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà (kì í ṣe DOT ti epo bíréèkì): 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018.

Títí (Sábó)

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti tú u. Apá ọ̀tún: páàdì ti inú àti ti ìta jẹ́ 4 mm. Apá òsì: ti inú ku 2 mm, ti ìta ṣì jẹ́ 7 mm. Epo inú ike dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Dísìkì méjèèjì ti fẹ́ẹ́rẹ́ ju nọ́ńbà MIN TH lọ. Pínnì kálípà (irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) ti òsì kò ṣeé fi ọwọ́ fà jáde.

Bàbá Músílíù (Ògólóńtò)

O ti rí i báyìí. Pínnì yẹn ni. Kálípà Camry rẹ ní písítìnì ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Tí o bá tẹ bíréèkì, písítìnì á ti páàdì inú, kálípà fúnra rẹ̀ á wá yọ̀ lórí pínnì láti fa ti ìta mọ́ra. Tí pínnì bá ti há, ti inú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í padà sẹ́yìn dáadáa, ó ń ra dísìkì bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ìgbóná tó ń hó epo rẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń wá. Páàdì ìdíje ìbáà wọ ibẹ̀, oṣù díẹ̀ ni ìbá fi tán.

Rà báyìí: dísìkì iwájú 2, páàdì iwájú 1 sẹ́ẹ̀tì (semi-metallic FF tàbí GG, torí Ṣàgámù), DOT 4 lítà 1, gíríìsì bíréèkì onísílíkóònù, rọ́bà pínnì tuntun. Má jẹ́ kí wọ́n fi gíríìsì béárìn sí pínnì, á mú kí rọ́bà wú, á tún há. Bákan náà ni pẹtiróòlù, kí wọ́n má fi fọ rọ́bà kankan níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ: fi sírínjì fa epo àtijọ́ díẹ̀ kúrò nínú ike kí wọ́n tó ti písítìnì padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kún jáde, epo yẹn sì ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Fi wáyà so kálípà rọ̀ mọ́ spring, má jẹ́ kó rọ̀ sórí họ́ọ̀sì. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi dán, torí ìpẹtà bíi hóró iyanrìn kan níbẹ̀ ti tó láti dá gbígbọ̀n padà sínú sítíárín. Dísìkì tuntun ní epo lára kó má baà dípẹtà nínú páálí, fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Pínnì gbọ́dọ̀ máa yọ̀ ní ìka méjì. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm (ìwọ̀n bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó), kí wọ́n máa fún un ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní yíyípo.

Tí wọ́n bá ń fa epo, láti táyà ẹ̀yìn ọ̀tún tó jìnnà jù ni, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo ike, kí epo má tán nínú rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ ABS, wàhálà dé nìyẹn. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, tẹ bíréèkì títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ yóò wọlé dé ilẹ̀, má gbé ọkọ̀ jáde bẹ́ẹ̀.

Sùnmọ́nù (Odogunyan)

Kó tún mọ bí wọ́n ṣe ń mú páàdì bá dísìkì mọra. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lórí títì tó gùn tí ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀: láti 50 wá sí 10, kó tẹ bíréèkì déédéé, má dúró pátápátá, kó tún sáré dé 50. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa wa ọkọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú 10 láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, kó lè tutù. Òórùn díẹ̀ á jáde, kò burú. Tó bá parí, ojú dísìkì á ní àwọ̀ eérú tó dọ́gba yípo. Tí ó bá rí àbàwọ́n dúdú níbì kan, kó tún un ṣe.

Títí (Sábó)

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pínnì òsì kò tún há?

Bàbá Músílíù (Ògólóńtò)

Lẹ́yìn ìrìn 20 km, kí o tó dúró, jẹ́ kí ọkọ̀ fà dúró fúnra rẹ̀ láìtẹ bíréèkì púpọ̀. Gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ rímù iwájú méjèèjì, má fọwọ́ kan dísìkì. Ìgbóná wọn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni o fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, ra èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń lò. Èyí tí wọ́n fi ń wọn iwájú orí kò lè ka irú ìgbóná bẹ́ẹ̀. Tí òsì bá ṣì gbóná ju ọ̀tún lọ gan-an lẹ́yìn tí pínnì ti ń yọ̀, họ́ọ̀sì rọ́bà ti wú nínú, kò jẹ́ kí epo padà. Pààrọ̀ họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀.