"Ìwòsàn arán" kọ́: ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní oògùn adínrékù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe lecanemab àti donanemab, oògùn tuntun fún àrùn Alzheimer tó ń ba iyè jẹ́, ní "oògùn ìwòsàn arán" (arán: kí iyè àgbà máa lọ). "Ìwòsàn" yìí ni mo ta kò, mo sì fẹ́ ká yọ ọ́ kó tó dé orí rédíò.

Ẹ wo ohun tí oògùn náà ń ṣe. Nínú ìdánwò lecanemab tí wọ́n fi oṣù 18 ṣe fún aláìsàn 1,795, àìsàn àwọn tó gba oògùn ṣì ń le sí i, bíi ti àwọn tí wọ́n fa omi tí kò ní oògùn nínú sí lára. Eré tó fi ń le ló dín, ní nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí àìsàn náà ṣe le tó, tó ní máàkì 18, ìyàtọ̀ àárín ìhà méjèèjì jẹ́ 0.45. Iyè tó ti lọ kò padà wá. Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni: ó ń kó amyloid, èròjà purotéènì tó ń dì sínú ọpọlọ, kúrò, ohun tí donepezil tí a ti ń lò tipẹ́ kò fọwọ́ kàn rárá.

Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí "ilé ìwòsàn" náà là ń pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú gbogbo àìsàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló ń sọ "ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru"? "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru" là ń sọ, torí gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó di àjùmọ̀rìn. Bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́ bá ka "ìwòsàn" lórí fóònù, ó lè lọ ta ilẹ̀. Dọ́là 26,500 lọ́dún ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé lecanemab ní Amẹ́ríkà ní 2023, dírípù ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, pẹ̀lú àyẹ̀wò MRI (yíya àwòrán ọpọlọ) léraléra torí ọpọlọ lè wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún un níwèé àṣẹ ní 2024, àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni NICE, àjọ tó ń gba ìjọba níyànjú lórí oògùn tó yẹ kó ra, sọ nínú àbá rẹ̀ pé àǹfààní rẹ̀ kò tó owó tí ìjọba máa ná.

Nítorí náà, mo mú "oògùn adínrékù" wá: a-dín-eré-kù. Kò sẹ́ni tó wọ dánfó rí tí kò tíì gbọ́ "Dẹ́rẹ́bà, dín eré kù!" Ọkọ̀ ṣì ń lọ. "Afàrùnsẹ́yìn" tí ẹlòmíì mú wá dùn létí, àmọ́ ó jọ pé àrùn náà padà sẹ́yìn, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

"Arán" ńkọ́? Mo fara mọ́ ọn fún gbogbo irú àìsàn tó ń mú iyè lọ, títí kan èyí tí rọpá-rọsẹ̀ ń fà. Ìdí nìyẹn tí "oògùn arán" lásán kò fi tọ́: àwọn oògùn yìí wà fún ti Alzheimer nìkan, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti fi amyloid hàn. Ká sọ pé "oògùn adínrékù fún arán Alzheimer". Ó gùn, àmọ́ kò tan ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ló ṣì ń dà mí láàmú. Àgbà ni à ń sọ pé ó ń ṣarán, bẹ́ẹ̀ Auguste Deter, obìnrin tí Dókítà Alzheimer, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, yẹ̀ wò ní Jámánì ní 1901, ẹni ọdún 51 ni. Ní Ìdìkàn n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí arán ní 1992 pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, èdè Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ iyè wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ lágbà nílé tẹ́ ẹ lè bi: kí ni wọ́n ń pè é bí iyè ẹni tí kò tíì darúgbó bá ń lọ?