Ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó ń gbé inú igbó: kí ló yẹ kó ṣáájú owó?

Aṣọ́gbó béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo ń múra láti ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe lè bá àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ inú igbó kìjikìji ṣiṣẹ́ pọ̀, lọ́nà tí igbó kò fi ní tán, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ náà yóò sì máa rí oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti ọdún 2008 ni àwọn gómìnà kan láti Bràsíl, Indonéṣíà àti Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ Governors' Climate and Forests Task Force (ẹgbẹ́ àwọn gómìnà lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti igbó) sílẹ̀, pé àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 40 báyìí, àti pé Cross River ní Nàìjíríà wà lára wọn. Ní ìlú Rio Branco, ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n ṣèlérí pé bí owó tó tó, tó sì dájú, bá wọlé, àwọn yóò dín pípa igbó run kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọdún 2020 tó dé, àti pé ìpín tó jọjú nínú owó náà yóò dé ọwọ́ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ àti àwọn ará ìgbèríko tó gbójú lé igbó. Ní San Francisco ní ọdún 2018, wọ́n tún fọwọ́ sí ìlànà tí wọn yóò máa tẹ̀ lé nínú ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà ìbílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí ìwé nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lóye lé lórí ni pé, níbi tí irú àjọṣe báyìí ti so èso, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé owó ló ṣáájú ni, àbí òfin, àbí ẹ̀tọ́ ìní ilẹ̀? Níbi tó sì ti forí ṣánpọ́n, kí ni wọ́n fò dá?

Ìyá Ewé fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ló ń ṣáájú, òfin a tẹ̀ lé e, owó ló ń gbẹ̀yìn, ìpínlẹ̀ Acre ní Bràsíl ni mo sì máa fi jẹ́rìí. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó kábọ́nù níbẹ̀ rárá (ìyẹn owó tí wọ́n ń san kí wọ́n má bàa pa igbó run, kí kábọ́nù inú rẹ̀ má bàa tú sínú afẹ́fẹ́) ni àwọn tí ń gba oje igi rọ́bà ti ń fi ara wọn dínà mọ́ àwọn tó fẹ́ gé igbó lulẹ̀ kí màlúù lè rí pápá jẹ. Chico Mendes tó jẹ́ aṣáájú wọn wà lára àwọn tó so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ti bára wọn ṣọ̀tá gidi láyé àtijọ́. Wọ́n yìnbọn pa á ní ilé rẹ̀ ní Xapuri ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1988. Ní ọdún 1990 ni ìjọba àpapọ̀ ya igbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà sọ́tọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ìjọba ló ni ilẹ̀ náà lórí ìwé, àmọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ láti máa jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ní ọdún 1999 wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n fi orúkọ Chico Mendes pè, èyí tó ń fi owó kún iye tí wọ́n ń ra kílò kọ̀ọ̀kan rọ́bà inú igbó. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí kí ẹ tó sọ pé owó díẹ̀ ni: igi rọ́bà inú igbó kì í tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti oko, wọ́n jìnnà síra, ẹni tó ń gba oje wọn á sì jí ní ìdájí, á máa rin ipa ọ̀nà tóóró láti ìdí igi kan sí òmíràn, á máa fi ọ̀bẹ la èèpo ní dídàgẹ̀rẹ̀, á gbé ife sábẹ́ rẹ̀, á sì tún padà yí gbogbo ọ̀nà náà ká láti kó oje jọ. Bí ọjà kò bá san owó làálàá yìí, màlúù ni yóò fi rọ́pò rẹ̀, kò sì sí ìwàásù tó lè dá a dúró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni òfin kejì dé, òfin 2.308, tó dá ètò SISA sílẹ̀ láti máa san owó fún iṣẹ́ tí igbó ń ṣe fún ayé. Ọdún 2012 ni ilé ìfowópamọ́ ìjọba Jámánì, KfW, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sí i, àdéhùn sì ni pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìgbèríko. Lára ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe ni owó ìrànwọ́ fún àwọn aṣojú iṣẹ́ oko-inú-igbó, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yà ìbílẹ̀ bíi Huni Kuin àti Ashaninka tí CPI-Acre, àjọ aládàáni kan tó ń bá àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, ti ń kọ́ níṣẹ́ láti ọdún 1996. Àwọn wọ̀nyí ń gbin igi eléso sínú oko pákí tó ti ń rẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí ti wà fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí owó Jámánì tó dé. Ìdí nìyí tí owó fi rí ibi tí yóò gbà wọlé.

Mi ò sọ pé Acre ti gúnlẹ̀ o. Láàrin ọdún 2019 sí 2021, pípa igbó run tún gbéra sókè níbẹ̀ gan-an, màlúù sì ti wọ inú igbó tí wọ́n fi orúkọ Chico Mendes pè. Àwọn kan lára àwọn olórí ẹ̀yà ìbílẹ̀ pàápàá kò fara mọ́ SISA láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ ohùn wọn.

Amòfin Ìgbèríko fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ewé, mo kàn fẹ́ fi Indonéṣíà kún un, nítorí pé níbẹ̀ ni agbára ìjọba ìbílẹ̀ ti hàn kedere jù lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà dájọ́ pé igbó àjogúnbá kì í ṣe igbó ìjọba mọ́. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yà kan tó lè gba igbó rẹ̀ padà kúrò nínú ohun tí ìjọba ti pè ní tirẹ̀, ìjọba agbègbè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin tó jẹ́wọ́ pé ẹ̀yà náà wà, pé ó ní àṣà àti ààlà tirẹ̀. Níbi tí àwọn aṣòfin agbègbè kò bá ti ráyè, tàbí tí wọ́n bá ti fẹ́ràn ilé iṣẹ́ epo pupa ju ará ìlú lọ, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ di ìwé lásán.

Ẹ̀yà Kajang ní Bulukumba, ní gúúsù Sulawesi, rí tiwọn gbà nítorí pé agbègbè wọn ṣe òfin náà ní ọdún 2015. Igbó wọn kò ju nǹkan bí 314 hẹ́kítà lọ, Ammatoa tó jẹ́ olórí wọn sì ní òfin àtẹnudẹ́nu tó ka gígé igi ibẹ̀ léèwọ̀ láti ayébáyé. Ní ìparí ọdún 2016, wọ́n wà lára ẹ̀yà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí ààrẹ fi ìwé igbó wọn lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, Aṣọ́gbó, nígbà tí gómìnà kan bá ń wá owó lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé òfin ìdánimọ̀ mélòó ló ti fọwọ́ sí nílé. Ìyẹn kò gba owó lọ títí, ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà Igbó fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà ti sọ ibi tó dára. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, ibi tó ti forí ṣánpọ́n.

Àwọn ará Ekuri ní Cross River ní igbó tó tó 33,600 hẹ́kítà, wọ́n sì ti ṣètò bí wọn yóò ṣe máa lò ó fúnra wọn, débi pé wọ́n gba Equator Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún àwọn ìlú tó ń tọ́jú ohun àdáyébá wọn, ní ọdún 2004. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá gígé gẹdú dúró ní ọdún 2008, tí wọ́n sì ń múra sílẹ̀ de owó kábọ́nù, òfin kan náà tó de àwọn olè igi ni wọ́n fi de ìlú tó ń gé igi tirẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀nà tí Ekuri ń gbà rówó ṣe ọ̀nà àti ilé ìwé dí, ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn ní ìrọ́pò rẹ̀ sì ń falẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò òpópónà ńlá kan dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun ti gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà. Ariwo àwọn ará ìlú àti àwọn tó tì wọ́n lẹ́yìn ló mú kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Ìjọba tó ń bu ọwọ́ lu ìwé ìtọ́jú igbó lókè òkun ló ṣe èyí nílé, inú mi kò sì lè dùn sí i láé.

Ẹ tún wo Pará ní Bràsíl. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ní New York pé òun yóò ta kábọ́nù tó tó mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù fún LEAF, àjọṣe àwọn ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá tó ń sanwó fún kábọ́nù tí igbó kò tú sínú afẹ́fẹ́, ní dọ́là 15 fún tọ́ọ̀nù kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 180 dọ́là. Wọ́n ti dúnàádúrà tán kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé inú igbó náà tó gbọ́. Ní ọdún 2025 ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní kò sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó yẹ ṣáájú rẹ̀. Àdéhùn 169 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, tí Bràsíl ti tọwọ́ bọ̀, sọ ọ́ gbangba pé kí a bá àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ìjọba tó ṣe ohun tí yóò kàn wọ́n. Wọ́n fo ìyẹn dá, kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Aṣọ́gbó tún béèrè pé:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín. Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Bí gómìnà bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Abúlé kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ní ìlú ńlá sì lè má mọ ohun tí ìyá tó wà létí odò fẹ́.

Amòfin Ìgbèríko fèsì pé:

Ìbéèrè yín ti rí ìdáhùn lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2014, ẹ̀yà Wajãpi ní ìpínlẹ̀ Amapá ní Bràsíl kọ ìwé ìlànà tiwọn sílẹ̀ nípa bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ bá wọn fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ̀yà Munduruku náà sì ṣe tiwọn ní ọdún yẹn kan náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ẹni tó yẹ kó wà níjókòó, ibi tí ìpàdé yóò ti wáyé, èdè tí wọn yóò fi ṣe é, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn ará ìlú láyè láti pàdé láàrin ara wọn kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn Munduruku sọ ọ́ ní tiwọn pé àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti pé ìpàdé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ oko.

Bí mo bá jẹ́ olùdámọ̀ràn gómìnà kan, n óò ní kí ó kọ́kọ́ ná owó ìpínlẹ̀ lé irú ìwé yìí lórí: kí ó san owó ọkọ̀ ojú omi, kí ó san owó ògbufọ̀, kí ó sì fún wọn ní ọdún kan tàbí méjì láti kọ ọ́ kí oníbàárà kábọ́nù kankan tó wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ìwé náà di apá kan òfin ìpínlẹ̀, kí gómìnà tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ má bàa lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìyá Ewé fèsì pé:

Amòfin, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa ọjà, nítorí pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìkan kò lè bọ́ ọmọ. Ní Xapuri kan náà, ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ kọ́ńdọ̀mù kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008, oje rọ́bà inú igbó sì ni wọ́n ń lò. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ nìkan ni oníbàárà rẹ̀, nígbà tí ríra yẹn sì dáwọ́ dúró, ilé iṣẹ́ náà kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n máa béèrè, nípa ètò èyíkéyìí tí wọ́n bá ń kà nípa rẹ̀, pé ta ni oníbàárà kejì, àti ta ni ẹ̀kẹta.